Bí ìlà gíga onígun mẹ́ta kò bá pàdé nínú rẹ̀, ibo ni wọ́n ti ń pàdé?

Ìbéèrè: Olùkọ́ wa sọ pé ìlà gíga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lára onígun mẹ́ta (ìlà tó ti ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan wá, tó sì dúró ṣánṣán, ní 90°, sí ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ọ́) gbọ́dọ̀ pàdé lójú kan ṣoṣo. Mo ya onígun mẹ́ta kan tí igun rẹ̀ kan fẹ̀ tó nǹkan bí 120°, àmọ́ méjì nínú àwọn ìlà náà kò tilẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ tí mo fà wọ́n sí. Ṣé èmi ni mo yà á sódì ni, àbí òfin yẹn ní ibi tí kì í ti í ṣiṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí ló tiẹ̀ mú un dájú pé ìlà kẹta á gba ojú ibi tí méjì àkọ́kọ́ ti pàdé?

Ìdáhùn: Òfin náà kì í yẹ̀. Yíyà yín náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ sódì. Ibi tí ẹ ti dá rúlà dúró ló kù díẹ̀ káàtó. Ìlà gíga tó jáde láti ṣóńṣó kan kì í dópin níbi tí ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ọ́ dópin sí. Kí á tó lè sọ̀rọ̀ ìpàdé rárá, a gbọ́dọ̀ gbà pé ìlà tó ń lọ síwájú sẹ́yìn láìlópin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àti pé ẹ̀gbẹ́ tí ó dúró ṣánṣán sí náà ṣeé fà gùn kọjá ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì.

Ohun tó ń dá wàhálà yìí sílẹ̀ ni pé ibi ìṣirò bí inú onígun mẹ́ta ṣe fẹ̀ tó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ mọ gíga: ìdajì ìdí lọ́nà gíga. Nọ́ńbà lásán ni gíga jẹ́ níbẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe jìnnà tó láti ṣóńṣó dé ìdí. Àwòrán tí wọ́n sì sábà máa ń yà sí i ni onígun mẹ́ta tí gbogbo igun rẹ̀ kéré sí 90°, tí gíga rẹ̀ wà nínú rẹ̀ pátápátá. Ojú á wá mọ́ àwòrán yẹn. Tí igun kan bá ti fẹ̀ ju 90° lọ, gíga méjì á jáde síta, wọ́n á sì lọ fẹsẹ̀ tẹ ibi tí kò sí ẹ̀gbẹ́, àfi ìlà tí a bá fà gùn láti ara ẹ̀gbẹ́ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà á dáadáa. Ẹ pe ṣóńṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní A, B àti C. Ẹ fi rúlà fa ẹ̀gbẹ́ AB gùn kọjá A àti kọjá B, kí ìlà náà rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má gbé rúlà kúrò lórí ìlà yìí, ẹ fi ọwọ́ kan dì í mú gírígírí. Ẹ gbé set-square (rúlà onígun mẹ́ta tó ní igun 90°) kalẹ̀ kí ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ méjì tó ṣe igun 90° rẹ̀ fara ti rúlà tímọ́tímọ́, kí ẹ wá máa tì í lọ jẹ́jẹ́ títí ẹ̀gbẹ́ kejì á fi kan ṣóńṣó C. Ìlà tí ẹ bá fà síbẹ̀ ni gíga láti C. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè C, kí ó sì kọjá ìlà AB sí òdìkejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún BC láti A, àti fún CA láti B, kí ẹ máa yí bébà náà kí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ń lò lè wà ní ìbú níwájú yín. Yíyí bébà yìí ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ, torí pé ojú máa ń fẹ́ fa gbogbo gíga láti òkè bébà wá sí ìsàlẹ̀ bébà, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí igun 90° náà wà sí, kì í ṣe etí bébà.

Ẹni tí kò ní set-square lè lo kọ́ńpáàsì. Ẹ gúnlẹ̀ sí A, kí ẹ ṣí kọ́ńpáàsì ju bí A ṣe jìnnà sí ìlà BC lọ, kí ó lè gé ìlà náà ní ojú méjì. Láì yí bí ẹ ṣe ṣí i padà, ẹ gúnlẹ̀ sí ojú kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì, kí ẹ fa ìlà kékeré sí òdìkejì BC títí wọ́n á fi dábùú ara wọn. Ẹ fa ìlà láti A gba ibi tí wọ́n ti dábùú. Ó ń ṣiṣẹ́ torí pé A àti ibi ìdábùú náà jìnnà bákan náà sí ojú méjèèjì tó wà lórí BC.

Ó yá, ẹ mú bébà gíráàfù. Ẹ fi A sí (0, 0), B sí (6, 0), C sí (8, 4). Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye tí a rìn sí ọ̀tún, èkejì ni iye tí a gòkè. Igun B níbí fẹ̀ tó nǹkan bí 117°, kò jìnnà sí tiyín.

Gíga láti C rọrùn: AB wà ní ìbú, nítorí náà ìlà tó lọ sókè sódò gba 8 ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ibi tó ti kan ìlà AB, bọ́ sí (8, 0), B sì wà ní 6, ìyẹn ni pé ó fi 2 kọjá òpin ẹ̀gbẹ́ AB. Fún gíga láti A, ẹ wo BC: bí a bá fi 2 rìn sí ọ̀tún láti B, a ó fi 4 gòkè. Ìlà tó dúró ṣánṣán sí i á yí ìrìn náà padà: 4 sí ọ̀tún, 2 sí ìsàlẹ̀. Láti A, ìyẹn gbé wa lọ sí (4, −2), ó tún gbé wa dé (8, −4). Ẹsẹ̀ gíga yìí bọ́ sí (4.8, −2.4), lórí BC tí a fà gùn kọjá B sí ìsàlẹ̀. Gíga láti B ló kù: AC ń fi 8 lọ sí ọ̀tún bí ó bá fi 4 gòkè, nítorí náà gíga rẹ̀ á máa fi 1 lọ sí ọ̀tún bí ó bá fi 2 sọ̀kalẹ̀. Láti (6, 0) ó di (7, −2), lẹ́yìn náà (8, −4). Ìlà kan náà yìí, tí a bá fà á sókè, á tẹ AC ní (4.8, 2.4), èyí tó wà lórí ẹ̀gbẹ́ náà gan-an. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ló kan ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ láìjẹ́ pé a fa nǹkan kan gùn.

Gbogbo wọn pàdé ní (8, −4). Ẹ jẹ́ ká máa pe ojú náà ní H; orthocentre lorúkọ tí ẹ ó bá pàdé nínú ìwé. Ó wà níta onígun mẹ́ta, lápá ibi tí igun fífẹ̀ wà, ní ìsàlẹ̀ AB.

Ìdí tí ìlà kẹta kò fi lè yà gba ibòmíràn

Ìlà méjì tí wọn kò bá ń rìn lọ́gbọọgba gbọ́dọ̀ pàdé níbì kan, kò sí ìyanu níbẹ̀. Kí ìkẹta tún wá gba ojú kan náà kọjá ni ọ̀rọ̀, òun ni ó sì gba ẹ̀rí. Oríṣiríṣi ẹ̀rí ló wà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tó fi onígun mẹ́ta ńlá yí ti kékeré ká, torí òun nìkan ló jẹ́ kí èèyàn fi ojú rí ìdí rẹ̀.

Ẹ fa ìlà kan gba C, kí ó máa bá AB rìn lọ́gbọọgba, ìyẹn ni pé wọn kò ní pàdé láé. Ẹ fa òmíràn gba A tó bá BC rìn lọ́gbọọgba, àti ẹ̀kẹta gba B tó bá CA rìn lọ́gbọọgba. Àwọn mẹ́ta yìí á ṣe onígun mẹ́ta tuntun. Ẹ pe ṣóńṣó tó dojú kọ A ní P, èyí tó dojú kọ B ní Q, èyí tó dojú kọ C ní R. Ìlà tó gba C kọjá ni ẹ̀gbẹ́ PQ.

Ẹ wo onígun mẹ́rin ABPC. AB ń bá CP rìn lọ́gbọọgba, AC náà ń bá BP rìn bẹ́ẹ̀. Onígun mẹ́rin tó bá rí báyìí, ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọra níbẹ̀ máa ń gùn dọ́gba, nítorí náà CP gùn tó AB. Ẹ tún wo ABCQ: ọ̀nà kan náà, QC gùn tó AB. CP àti QC gùn tó nǹkan kan náà, wọ́n sì wà lórí ìlà kan ṣoṣo. C wà ní àárín gbùngbùn PQ nìyẹn. Bákan náà ni A wà ní àárín QR, tí B sì wà ní àárín RP.

Níbí ni gbogbo rẹ̀ ti yí padà. Gíga láti C dúró ṣánṣán sí AB. PQ ń bá AB rìn lọ́gbọọgba, torí náà gíga yìí dúró ṣánṣán sí PQ pẹ̀lú, ó sì gba àárín gbùngbùn rẹ̀ kọjá. Ojú yòówù tó bá wà lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀, bí ó ṣe jìnnà sí P náà ló ṣe jìnnà sí Q. Gíga láti A ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Q àti R. Ibi tí àwọn méjì yìí bá ti dábùú, ìjìnnà rẹ̀ sí P dọ́gba pẹ̀lú ti Q, ti Q sì dọ́gba pẹ̀lú ti R. Ti P àti ti R ti dọ́gba nìyẹn láìsí pé a ṣe ohunkóhun sí i. Gbogbo ojú tó jìnnà sí P àti R bákan náà ló sì wà lórí ìlà tó gba àárín RP ní ṣánṣán, èyí tí í ṣe gíga láti B. Ìlà kẹta kò ní ibòmíràn tó lè gbà.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú nọ́ńbà wa. P bọ́ sí (14, 4), Q sí (2, 4), R sí (−2, −4). Láti H tó wà ní (8, −4): kí a tó dé P, a ó rin 6 sí ọ̀tún, a ó gòkè 8, ìjìnnà náà sì jẹ́ 10. Sí Q, 6 sí òsì àti 8 sókè, 10 náà ni. Sí R, 10 sí òsì gbọnrangandan. Bí ẹ bá gún kọ́ńpáàsì mọ́ H, tí ẹ ṣí i dé 10, ìlà róbótó tó bá yà á kan P, Q àti R lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò síbi kankan nínú ẹ̀rí yìí tí a ti béèrè bóyá igun kan fẹ̀ tàbí kò fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin náà fi mú onígun mẹ́ta gbogbo. (Ó yani lẹ́nu pé Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì àtijọ́, tó fi hàn nínú ìwé rẹ̀, Elements, bí a ṣe ń fi ìlà róbótó yí onígun mẹ́ta ká, kò sọ̀rọ̀ ìpàdé gíga síbẹ̀ rárá. Ìgbésẹ̀ kan péré ló sì kù.)

Ibi tí H máa ń wà

Tí ẹ bá gbé A sí (0, 0), B sí (c, 0), tí C sì wà ní (p, q), H yóò wà ní (p, p(c − p)/q). Ẹ lè rí i fúnra yín: gíga láti C ni ìlà tó lọ sókè sódò gba p. BC ń rin p − c sí ọ̀tún bí ó bá fi q gòkè, nítorí náà gíga láti A á máa fi c − p gòkè ní gbogbo q tó bá rìn. Tó bá dé p, ó ti gòkè p(c − p)/q. Ẹ ṣe é láti B, iye kan náà lẹ́ ó bá. Ẹ̀rí kejì nìyẹn fún ẹni tó bá fẹ́ràn áljẹ́brà.

Nọ́ńbà kékeré yìí ń sọ gbogbo ìtàn. Bí C bá wà lókè, tí p sì wà láàárín 0 àti c, H á wà lókè AB. Bí p bá jẹ́ 0, igun A á jẹ́ 90° géérégé, H á sì bọ́ sórí A gan-an. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó ṣe igun náà fúnra wọn ti jẹ́ gíga, kò sí ohun tí a tún ń wá. Bí p bá kọjá c bíi tiwa, c − p á di òdì, H á sì lọ sí ìsàlẹ̀ AB. Ibì kan wà tí àwọn èèyàn kì í wò: p lè wà láàárín, kí H ṣì bọ́ síta. Ẹ fi c sí 6, p sí 3, q sí 2. H di (3, 4.5), ó ga ju C fúnra rẹ̀ lọ, torí pé igun C ló fẹ̀ ju 90° lọ lọ́tẹ̀ yìí. Bí p(c − p) bá ti tóbi ju q² lọ, bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

Ẹ má fi gíga pe ìlà míì o. Ìlà tó lọ láti ṣóńṣó sí àárín ẹ̀gbẹ́ òdìkejì kì í ṣe gíga. Ìpàdé tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní centroid, kì í kúrò nínú onígun mẹ́ta, ó sì máa ń pín ìlà kọ̀ọ̀kan sí 2 sí 1. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń gbé 2 sí 1 yìí lọ fún H, tí wọ́n á sì pàdánù máàkì. Ẹ wo onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 13, 14 àti 15: A ní (0, 0), B ní (14, 0), C ní (5, 12). H wà ní (5, 3.75). Láti C dé H jẹ́ 8.25, láti H dé ẹsẹ̀ gíga jẹ́ 3.75, láti A dé H jẹ́ 6.25, láti H dé ẹsẹ̀ jẹ́ 4.95. Kò sí èyí tó jẹ́ 2 sí 1. Ṣùgbọ́n ẹ fi 8.25 lọ́nà 3.75, ẹ ó rí 30.9375. Ẹ fi 6.25 lọ́nà 4.95, 30.9375 náà ni. Ti B kò yàtọ̀. Èyí kì í yẹ̀ nínú onígun mẹ́ta kankan, òun sì ni mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn láti fi yẹ iṣẹ́ wò: ẹ fi rúlà wọn apá méjèèjì gíga kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀. Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jìnnà síra, gíga kan ti ṣì.

Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, ló fi hàn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún bí àwọn ojú wọ̀nyí ṣe bára tan: H, centroid, àti ojú àárín ìlà róbótó tó yí A, B, C ká wà lórí ìlà kan, centroid sì jìnnà sí H lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe jìnnà sí ojú àárín róbótó náà. Nínú 13, 14, 15, wọ́n wà ní (5, 3.75), (6⅓, 4) àti (7, 4.125). Inú onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba nìkan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń di ọ̀kan, ibẹ̀ nìkan sì ni 2 sí 1 ti tọ̀nà fún gíga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tí mẹ́ta bá ṣe onígun mẹ́ta kékeré dípò ojú kan

Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ lórí bébà, kò sì túmọ̀ sí pé òfin yẹ̀. Bí set-square bá fi 1° péré yà, ìlà tó gùn 15 cm á ti ṣí kúrò níbi tó yẹ ní nǹkan bí 2.6 mm. Ẹ gbẹ́ pẹ́ńsù kó mú, kí ẹ sì yẹ abẹ́ set-square wò bóyá àyè wà láàárín òun àti rúlà.

Ohun kejì kò hàn sójú bẹ́ẹ̀. Igun tí gíga láti A àti gíga láti B fi ń dábùú ara wọn dọ́gba pẹ̀lú igun C, tàbí pẹ̀lú èyí tó kù kí igun C pé 180°. Bí C bá jẹ́ 10°, ìlà méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ̀ lé ara wọn, àṣìṣe 0.5 mm lára ọ̀kan sì lè sún ibi ìdábùú ní nǹkan bí 3 mm. Nítorí náà, nínú onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ jẹ́ 150°, 20° àti 10°, gíga tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjì tó ṣe igun 150° ni kí ẹ fi wá H, torí àwọn ló dábùú ní 30°. Kí ẹ fi ìkẹta yẹ̀ ẹ́ wò lásán. Ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lórí bébà: nínú irú onígun mẹ́ta bẹ́ẹ̀, H máa ń jìnnà síta gan-an, ó lè bọ́ kúrò lójú ìwé.

Ẹ padà sórí bébà gíráàfù wa, kí ẹ so A, H àti C pọ̀: (0, 0), (8, −4), (8, 4). Onígun mẹ́ta yìí kò ní igun kankan tó tó 90°. Gíga rẹ̀ láti H dúró ṣánṣán sí AC, ìlà tí a ti fà láti B tẹ́lẹ̀ ni. Gíga rẹ̀ láti C dúró ṣánṣán sí AH, ìlà BC tí a fà gùn náà ni. Èyí tó wá láti A dúró ṣánṣán sí HC, òun náà ni ìlà AB. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní (6, 0), ìyẹn B, nínú onígun mẹ́ta náà gan-an, bí àwòrán inú ìwé ṣe máa ń rí. Bẹ́ẹ̀ ẹ kò fa ìlà tuntun kankan: ìlà mẹ́fà kan náà ni, B àti H ló kàn pààrọ̀ ipò.